Bí Orí Bá Ti Kún, Ta Ló Ń Ṣe Ìpinnu Fún Wa?

Àkọsílẹ̀ ètò ọ̀sẹ̀ yìí nìyí. A tún un tò díẹ̀ kó lè rọrùn láti kà lórí fóònù.

Bóyá inú kẹ̀kẹ́ Márúwá lẹ wà ní Àkúrẹ́, bóyá ẹ wà ní Oǹdó tí ẹ ń dúró de ìbátan yín níwájú ṣọ́ọ̀bù, tàbí ẹ ti dùbúlẹ̀, oorun tó sì yẹ kí ẹ ti sùn láti wákàtí kan sẹ́yìn lẹ ṣì ń sún síwájú nítorí fóònù, ẹ kú ìkàlẹ̀.

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo fẹ́ gbé ẹrù kékeré kan lé yín lórí. Nọ́ńbà méje ni: 7, 3, 9, 1, 6, 4, 8. Ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ṣáà gbé e sórí, màá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín tó bá yá. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo mọ̀ pé ẹ lè fi ìka fà á sókè lọ wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, kò sí màgòmágó.

Ìbéèrè tòní rèé: kí ló dé tí ẹni tó gbọ́n, tó kàwé, tó mọ owó kà, fi máa ń ṣe ìpinnu kan lálẹ́, tí ilẹ̀ á mọ́ tí òun fúnra rẹ̀ á máa bi ara rẹ̀ pé, "Ṣé èmi náà rèé?" Nílé wa, a tètè máa ń pe irú rẹ̀ ní àìgbọ́n tàbí àfọwọ́fà. Àwọn kan á ní wọ́n ń ṣe é láti ilé ni. Ohun tí mo fẹ́ ká wò lónìí kò la ọ̀tá tàbí òmùgọ̀ lọ. Ààyè tí èèyàn fi ń ronú lẹ́ẹ̀kan náà kéré gan-an. Bí nǹkan bá ti gba ààyè yẹn, ìpinnu ṣì máa wáyé, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ ni yóò ṣe é.

Ẹ fojú inú wo ìyá kan tó ń ta ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Yàrá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè kún fún ìrẹsì, gààrí, ẹ̀wà àti epo, ohun tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ. Àmọ́ àtẹ tó wà níwájú rẹ̀ kéré. Ohun tó wà lórí àtẹ ni oníbàárà ń rí, òun náà ló ń tà. Bó bá fẹ́ pàtẹ nǹkan mìíràn, àfi kó kọ́kọ́ gbé nǹkan kan kúrò.

Bí ọpọlọ ṣe rí nìyẹn. Gbogbo ohun tí ẹ ti kọ́ láti kékeré wà ní yàrá ẹ̀yìn, ìmọ̀ràn ìyá yín wà níbẹ̀, ìṣirò wà níbẹ̀, ohun tójú yín rí lọ́dún tó kọjá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ lè fi ronú ní ìṣẹ́jú yìí gan-an, orí àtẹ ló wà. Lọ́dún 1956, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ George Miller kọ àpilẹ̀kọ kan tó di gbajúmọ̀. Ó ní nǹkan bíi méje ni àtẹ náà ń gbà, ó lè fi méjì lé, ó lè fi méjì dín. Ní 2001, Nelson Cowan tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, ó sì sọ pé bí a bá yọ ọgbọ́n tí èèyàn ń dá láti so nǹkan pọ̀ kúrò, mẹ́rin ló sún mọ́ òótọ́.

Ọgbọ́n síso nǹkan pọ̀ yẹn, gbogbo wa la ń lò ó. Nọ́ńbà fóònù wa jẹ́ mọ́kànlá, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Nàìjíríà tó ń há 0, lẹ́yìn náà 8, lẹ́yìn náà 0, lẹ́yìn náà 3 sórí. 0803 ti di ẹyọ kan ṣoṣo fún wa. Àyè kan péré ló gbà lórí àtẹ.

Mẹ́rin, ẹ gbọ́ o. Ẹ wá ka ohun tó wà lórí àtẹ tiyín báyìí: owó ilé tó máa tó pé, dátà tó kù díẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá sọ lánàá tí kò kúrò lọ́kàn, àti mẹ́sẹ́ẹ̀jì WhatsApp tí ẹ ti kà tí ẹ ò tíì fèsì. Àtẹ ti kún, ẹ ò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa nǹkan kan.

Ní 1999, àwọn olùwádìí méjì kan, Baba Shiv àti Alexander Fedorikhin, gbé àbájáde ìdánwò kan jáde. (Baba Shiv lorúkọ rẹ̀ o. Kì í ṣe pé mò ń pè é ní bàbá.) Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ há nọ́ńbà sórí nínú yàrá kan, kí wọ́n rìn lọ sí yàrá kejì lọ kà á fún ẹni tó wà níbẹ̀. Àwọn kan gba nọ́ńbà méjì péré, àwọn mìíràn gba méje. Lójú ọ̀nà, wọ́n ní kí oníkálukú mú ohun tó bá wù ú láti jẹ: kéèkì ṣokoléètì, tàbí èso tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Àwọn tí nọ́ńbà méje wà lórí wọn mú kéèkì ju àwọn tó gbé méjì lọ dáadáa.

Ìdí rẹ̀ kò jinlẹ̀. Adùn kéèkì kì í béèrè àyè lórí àtẹ, ojú rí i, ọ̀fun ti fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n "ara mi ńkọ́? Ṣé mo ti jẹ nǹkan dídùn láàárọ̀?" gba kéèyàn dúró díẹ̀, kó lọ mú nǹkan wá láti yàrá ẹ̀yìn, kó wá àyè gbé e lé. Nọ́ńbà méje ti gba àyè yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn kò gbàgbé pé èso ló dáa fún ara. Ó mọ̀ ọ́n. Ìmọ̀ náà ni kò ráyè jáde.

Ó dáa, nọ́ńbà méje wa dà?

Bí ẹ bá ṣì rántí rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ ti pàdánù ìdajì ọ̀rọ̀ mi. Bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ mi dáadáa, mo fura pé nọ́ńbà náà ti ré bọ́. Ẹ lè gbé e sílẹ̀ báyìí. Ẹ ṣeun.

Ẹ jẹ́ ká kúrò lọ́rọ̀ kéèkì. Ọ̀nà Iléṣà ni mo fẹ́ mú yín gbà. Ẹni tó bá ń ti Àkúrẹ́ lọ sí Iléṣà máa kọjá ní Ìgbàrà-Òkè, olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́, níbi tí ọ̀nà kan ti yà lọ sí Ìgbàrà-Odò ní Èkìtì. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi ní Àkúrẹ́, agbègbè yìí lẹ ti wá, tàbí ibẹ̀ ni bàbá àgbà yín wà. Kòkó wà níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni wọ́n mọ̀ jù mọ́ kòkó ní Nàìjíríà, owó kòkó sì ló rán ọ̀pọ̀ lára àwọn òbí wa nílé ìwé.

Ẹni tó bá mọ kòkó mọ̀ pé owó rẹ̀ kì í wọlé lóṣooṣù bí owó oṣù. Láti bí oṣù Kẹwàá dé oṣù Kìíní ni ìkórè ńlá. Kékeré kan tún máa ń wà ṣáájú òjò ńlá. Ẹ wá wo oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án. Owó ọdún tó kọjá ti tán. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, òjò yẹn ló sì ń mú àrùn tó ń sọ ọmọ kòkó di dúdú lórí igi. Àfi kí wọ́n fín oògùn, oògùn sì ń gbówó. Ilé ìwé máa wọlé lóṣù Kẹsàn-án. Bí ìsìnkú bá tún bọ́ sí àárín rẹ̀, ẹ sọ fún mi, àtẹ bàbá yẹn ṣì kù?

Àsìkò yẹn gan-an ni oníkòkó máa ń wá. Irú ọ̀rọ̀ tó máa ń wáyé rèé:

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé àbúrò ti rí yunifásítì wọ̀."

"A dúpẹ́, ọmọ mi. Owó ló kù."

"Ẹ má ronú rárá. Ẹ gba eléyìí lọ́wọ́ mi. Bí kòkó bá ti dé, ẹ ṣáà máa kó o wá fún mi."

"Eélòó lo máa rà á?"

"Háà, Bàbá! Ṣé èmi náà lẹ ó máa bi bẹ́ẹ̀? Bá a ṣe ṣe é lọ́jọ́sí náà la ó ṣe é."

Bàbá dúpẹ́, ó gba owó. Ọmọ wọlé sí yunifásítì. Mi ò sọ pé oníkòkó yẹn jẹ́ èèyàn burúkú o. Òun náà fi owó rẹ̀ wewu, ó sì dé nígbà tí bánkì kankan kò ní dé. Ohun tó ń jọ mí lójú ni ìbéèrè bàbá, "Eélòó lo máa rà á?" Ẹ kíyè sí i pé ó bi í. Yàrá ẹ̀yìn rẹ̀ kò ṣófo. Àmọ́ nígbà tí ẹnì kejì yí i sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, ìbéèrè náà kò lágbára láti padà wá, nítorí pé owó ilé ìwé ló jókòó gbọin sórí àtẹ.

Kì í ṣe òní lọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Láyé àtijọ́, fífi oko kòkó dógò wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa. Ẹni tó yáni lówó á gba oko, á máa ká kòkó rẹ̀ títí olówó oko fi máa rí owó náà san padà. Galletti, Baldwin àti Dina kọ ìwé ńlá kan nípa àwọn àgbẹ̀ kòkó Nàìjíríà, ó jáde ní 1956, ọ̀rọ̀ gbèsè àti oko dídógò wà nínú rẹ̀. Nígbà yẹn, ìjọba ló ń dá iye tí wọ́n máa ra kòkó. Láti 1986 tí ìjọba ti pa àjọ tó ń ra kòkó rẹ́, ọjà ló ń dá a, iye rẹ̀ sì lè yí láàárín oṣù díẹ̀.

Bó ṣe yí lóòótọ́ nìyẹn. Ní àárín ọdún 2023, tọ́ọ̀nù kòkó kan lọ́jà àgbáyé lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là. Nígbà tó di oṣù Kẹta 2024, ó kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹni tó ti gba owó lóṣù Keje, tó sì ti fẹnu kò sí iye kan, ojú rẹ̀ ni ìyókù fi gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Owó náà tún já wálẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn o. Kò sí ẹni tó lè sọ tẹ́lẹ̀, ẹ̀bi wòlíì kọ́ la sì ń dá bàbá. Ohun tí ì bá ràn án lọ́wọ́ kò ju gbólóhùn kan lọ: "Bí owó kòkó bá gbéra ńkọ́?" Gbólóhùn yẹn ni kò ráyè.

Ẹnì kan lè sọ pé àìkàwé ló fà á. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Íńdíà, ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbin ìrèké. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni owó tiwọn náà ń wọlé gìdìgìdì. Anandi Mani, Sendhil Mullainathan, Eldar Shafir àti Jiaying Zhao dán àwọn àgbẹ̀ 464 wò lẹ́ẹ̀mejì: ṣáájú ìkórè, nígbà tí ọwọ́ wọn há, àti lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí owó ti dé. Ìdánwò náà kò gba ìwé kíkà: wọ́n á ya àwòrán, wọ́n á yọ apá kan kúrò, kí èèyàn mú apá tó bá a mu. Èèyàn kan náà ni, ọpọlọ kan náà, oko kan náà. Wọ́n ṣe dáadáa lẹ́yìn ìkórè ju bí wọ́n ṣe ṣe ṣáájú rẹ̀ lọ. Àwọn olùwádìí náà gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2013, wọ́n sì fi ìyàtọ̀ náà wé ti ẹni tí kò sùn mọ́jú.

Ẹ dúró ná kí ẹ tó pín in sórí WhatsApp. Àwọn mìíràn ti wá irú èsì yẹn tì níbòmíràn. Carvalho, Meier àti Wang dán àwọn ará Amẹ́ríkà tówó wọn kò tó nǹkan wò ṣáájú ọjọ́ owó oṣù àti lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì sọ ní 2016 pé ìdánwò ọpọlọ kò fi ìyàtọ̀ kankan hàn. Ṣùgbọ́n wọ́n rí nǹkan kan: àwọn tí owó kò tíì dé ọwọ́ wọn fẹ́ràn owó kékeré kíákíá ju owó ńlá tó máa pẹ́ díẹ̀ lọ. Lójú tèmi, ohun tó kan bàbá ní Ìgbàrà-Òkè gan-an nìyẹn. Bóyá ọpọlọ rẹ̀ kò dín kù rárá. Ibi tó ń wò ni ìṣòro ti yí sí ọ̀nà kan ṣoṣo, bí ẹni tó ń fi ojú kan wo ayé láti inú páìpù. Ohun tó wà ní iwájú páìpù hàn kedere, ó tilẹ̀ hàn ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí níbẹ̀ rárá.

Ẹ̀yin kan ti ń sọ nínú yín pé, "Èmi ò kúkú ní oko kòkó." Ó dáa. Ṣé ẹ ní fóònù?

Áàpù tó ń yáni lówó ni oníkòkó tiwa. Aago mọ́kànlá alẹ́ ti lù. Owó ilé ku ọjọ́ mẹ́ta. Áàpù kan ní òun máa fi owó ránṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sí onídùúró, kò sí ìwé. Ó kàn fẹ́ kí o tẹ ibi kan kí òun lè rí gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù rẹ ni. O tẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kí o béèrè iye tí wàá san padà, ọjọ́ tí wàá san án, àti ohun tí wọ́n fẹ́ fi nọ́ńbà ìyá rẹ ṣe. Ìbéèrè mẹ́ta péré. Àtẹ tí owó ilé ti gbà kò lè gba ẹyọ kan nínú wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọjọ́ ti pé, o wá lọ yá owó nínú áàpù kejì láti fi san ti àkọ́kọ́. Bí páìpù ṣe ń gùn sí i nìyẹn.

Ohun tí wọ́n ń fi nọ́ńbà yẹn ṣe ti hàn sí gbogbo wa: wọ́n ń fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ sí pásítọ̀, sí ọ̀gá ibi iṣẹ́, sí àna ẹni, pé olè lẹni náà. Lóṣù Kẹjọ 2021, àjọ NITDA bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé ilé iṣẹ́ ayánilówó kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lóṣù Kẹta 2022, àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà kó àwọn agbófinró lẹ́yìn lọ sí ọ́fíìsì irú wọn ní Ìkẹjà. Google náà sọ pé láti ìparí oṣù Karùn-ún 2023, áàpù ayánilówó kò gbọ́dọ̀ rí nọ́ńbà àti fọ́tò tó wà lórí fóònù oníbàárà mọ́. Inú mi dùn sí òfin yẹn ju gbogbo ìkìlọ̀ "ẹ máa ka àdéhùn kí ẹ tó tẹ̀" lọ, torí pé kò retí pé kí ẹni tí àtẹ rẹ̀ ti kún tún lọ wá àyè níbi tí kò sí.

Àwọn gbájúẹ̀ mọ gbogbo èyí, wọn ò sì ka ìwé kankan. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe èèyàn: "Ẹ kú iṣẹ́ mà, láti bánkì yín ni. ATM yín máa kú lónìí nítorí BVN. Ẹ wá bírò. Ẹ má gé fóònù o, bí ẹ bá gé e, owó yín máa há. Ọdún wo ni wọ́n bí yín? Nọ́ńbà mẹ́fà kan máa wọlé báyìí, ẹ yára kà á fún mi." Nínú gbogbo rẹ̀, "ẹ má gé fóònù" ló léwu jù. Ìṣẹ́jú kan péré tí ìyá yẹn bá fi gé fóònù, àtẹ á ṣófo, á rántí ohun tí bánkì ti ń kọ sí i láìmọye ìgbà pé kó má ka nọ́ńbà yẹn fún ẹnikẹ́ni. Ó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ gbájúẹ̀ ni láti rí i pé kò ráyè rántí.

Gbogbo wa la sì jọ wọ inú páìpù náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹwàá 2022, Báǹkì Àpapọ̀ kéde pé òun máa pààrọ̀ náírà 200, 500 àti 1,000. Wọ́n dá 31 oṣù Kìíní 2023, wọ́n tún sún un sí 10 oṣù Kejì, ó sì di 3 oṣù Kẹta kí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó sọ pé ká máa ná owó àtijọ́ títí dé òpin ọdún. Láàárín ìgbà yẹn, àwọn èèyàn ń fi owó ra owó lọ́wọ́ oní-POS. Ẹlòmíràn fi owó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì torí pé àláàtì kò dún. Ìdìbò ààrẹ sì wà lọ́jọ́ 25 oṣù Kejì, ẹni tó ti tò sórí ìlà ATM láti ìdájí kò ráyè ro ẹni tó máa dìbò fún. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́njú nígbà yẹn, ẹ bi ara yín ohun mìíràn tí ẹ ronú lé lórí lóṣù yẹn.

Kí wá ni ṣíṣe? Ìmọ̀ràn tó pọ̀ jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni pé kéèyàn kó ara rẹ̀ níjàánu. Láti nǹkan bíi 1998 ni wọ́n ti ń sọ pé ìkóra-ẹni-níjàánu dà bí iṣan, pé ó ń rẹ̀ ẹ́, pé a lè fi eré ìdárayá sọ ọ́ di alágbára. Nígbà tí ibùdó ìwádìí mẹ́tàlélógún jọ tún ìdánwò náà ṣe ní 2016, wọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí nǹkan kan. Nítorí náà, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó ṣe gírí. Ohun tó dára jù lójú mi ni ká gbé ìpinnu náà kúrò ní àsìkò tí àtẹ máa ń kún.

Ní Busia, ìwọ̀ oòrùn Kẹ́ńyà, àwọn àgbẹ̀ mọ̀ dájú pé ajílẹ̀ máa mú àgbàdo wọn dáa, ṣùgbọ́n bí ìgbà ìgbìn bá dé, owó ti tán. Esther Duflo, Michael Kremer àti Jonathan Robinson wá tọ àwọn kan lọ kété lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí owó ṣì wà lọ́wọ́, wọ́n ní: ẹ san owó ajílẹ̀ nísinsìnyí, a máa gbé e wá fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà ìgbìn. Wọn kò dín owó ajílẹ̀ kù. Àbájáde tí wọ́n kọ ní 2011 fi hàn pé àwọn tó lo ajílẹ̀ pọ̀ sí i dáadáa, ó sì sún mọ́ ti àwọn tí wọ́n dín owó rẹ̀ kù sí ìdajì fún nígbà ìgbìn. Àwọn olùwádìí náà sọ pé fífi-nǹkan-falẹ̀ ni wọ́n rí wò. Èmi fi ti àtẹ kún un: lẹ́yìn ìkórè, èèyàn ráyè láti ronú nípa ọdún tó ń bọ̀.

Àwa Yorùbá ti mọ irú ọgbọ́n yìí tipẹ́. Kí ni àjọ? Obìnrin tó ń dá àjọ kì í jókòó lójoojúmọ́ kó máa rò ó bóyá kí òun fi owó pamọ́ lónìí. Ẹ̀ẹ̀kan ló pinnu, lọ́jọ́ tó gba káàdì. Láti ọjọ́ yẹn, bí aago mẹ́rin bá ti lù, alájọ á dé, bó rẹ̀ ẹ́, bí ọmọ ń ké, bí oníbàárà dúró, á ju owó sílẹ̀, alájọ á fàlà sínú káàdì. Ìpinnu náà ti kúrò lórí àtẹ pátápátá. Àwọn áàpù ìfowópamọ́ tó ń yọ owó fúnra wọn bí owó oṣù bá ti wọlé, iṣẹ́ alájọ ni wọ́n ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò mọ bí a ṣe ń kí èèyàn.

Ẹ lè ṣe káàdì tiyín lónìí, kí orí yín tó kún. Fún àpẹẹrẹ: mi ò ní yáwó lórí fóònù lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́, ohun yòówù kó dé. Ẹni tó bá pè láti bánkì, màá gé fóònù, màá pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM mi. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ sí ibi tí ẹ ti lè rí i, torí pé bẹ́ ẹ bá fi sórí nìkan, òun náà á di ẹrù. Bí ọ̀rọ̀ náà bá sì tóbi, ẹ fi lọ ẹnì kan tí kò sí nínú páìpù kan náà pẹ̀lú yín. Kò pọn dandan kẹ́ni náà gbọ́n jù yín lọ. Kí àtẹ tirẹ̀ ṣáà ṣófo lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin tí òbí yín ní kòkó ní Ìgbàrà-Òkè àti àyíká rẹ̀, mo mọ̀ pé lóṣù Keje lẹ máa ń gba ìpè náà pé kí ẹ fi nǹkan ránṣẹ́. Bí ẹ bá lágbára, ẹ fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oògùn àti owó ilé ìwé ọdún tó ń bọ̀, oṣù Kejìlá ni kí ẹ pe bàbá lé e lórí, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ta kòkó. Ẹ bi wọ́n pé bí oníkòkó bá dé lóṣù Keje, iye wo ni wọn kò ní gbà. Kí wọ́n dárúkọ rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú fóònù yín. Ẹ jọ̀ọ́, àárọ̀ ni kí ẹ pè wọ́n.

Ó dìgbà kan ná.